Orúkọ Ogun ni Ìjánu Ogun: Òfin Àgbáyé àti Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà, 1967 sí 1970

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ìjánu ti ń dá ẹṣin dúró, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ń dá ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ lẹ́kun. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé ogun pàápàá ní orúkọ lójú òfin, àti pé orúkọ tí a bá fún un ni yóò sọ irú ìjánu tí a lè fi bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ogun tí orílẹ̀-èdè kan gbé ti orílẹ̀-èdè mìíràn ní orúkọ tirẹ̀. Ogun tí àwọn ọmọ ilé kan náà ń bá ara wọn jà ní orúkọ tirẹ̀. Rògbòdìyàn ìgboro tí kò tíì di ogun náà ní orúkọ tirẹ̀. Ọta ìbọn kò mọ ìyàtọ̀ láàrin wọn, ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń ṣàn nínú gbogbo wọn pupa bákan náà. Ṣùgbọ́n òfin mọ ìyàtọ̀.

Kò sí ibi tí a ti lè rí ìyàtọ̀ yìí kedere ju inú ogun abẹ́lé Nàìjíríà lọ, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967 tí ó sì parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Ní ọdún 1968, àwòrán àwọn ọmọdé Biafra tí ebi ti sọ di egungun, tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tàn ká gbogbo ayé. Ìbéèrè tí àwòrán náà gbé dìde rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ le: ǹjẹ́ òfin kan wà ní àkókò náà tí ó pa á láṣẹ pé kí àwọn tí ń jagun jẹ́ kí oúnjẹ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa ogun? Orúkọ tí ogun náà ń jẹ́ ni ìdáhùn náà rọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà wá, ìrìn tí òfin àgbáyé rìn jẹ́ ìrìn láti orí orúkọ tí ìjọba bá fún ogun lọ sí orí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ogun gan-an.

Ìjàyè àti Solferino

Kí òfin àgbáyé tó dé, ogun ní èèwọ̀ tirẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. A kì í pa ikọ̀ tí a rán níṣẹ́ àlàáfíà. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ kojú ara wọn lójú ogun Kírìjì, ikọ̀ ń lọ, ikọ̀ ń bọ̀ láàrin bùdó méjèèjì. Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ náà kò kan ebi. Lẹ́yìn tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Aláàfin. Ọ̀rọ̀ náà di ogun ní ọdún 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbe Ìjàyè lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ìbàdàn dó ti ìlú náà, wọ́n gba oko lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ìyàn sì mú gidigidi nínú ìlú. Àwọn òbí tí kò rí oúnjẹ fún ọmọ mọ́ fa ọmọ wọn lé àwọn ajíhìnrere lọ́wọ́, àwọn ajíhìnrere Baptist sì kó nínú àwọn ọmọ náà lọ sí Abẹ́òkúta kí wọ́n má baà kú. Kúrunmí kú ní ọdún 1861. Ìjàyè fọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1862. Ebi ṣe ju ìbọn lọ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ẹjọ́ kan wà láti rò lórí rẹ̀. Lójú ìran náà, bí ogun ti í rí nìyẹn.

Ní ọdún kan náà tí Àtìbà wàjà, ogun ńlá kan wáyé ní ìhà àríwá Ítálì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1859, ọmọ-ogun Fáransé àti ti Sardinia pàdé ọmọ-ogun Austria nítòsí ìlú Solferino. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ wà nílẹ̀ láìsí olùtọ́jú. Oníṣòwò ará Geneva kan, Henri Dunant, bá ọ̀ràn náà pàdé lójú ọ̀nà. Òun àti àwọn obìnrin ìlú Castiglione bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn láìbéèrè ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n ti jà. Ó kọ ìwé kan nípa ohun tí ó rí, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1862, ọdún tí Ìjàyè fọ́ gan-an. Láti inú ìwé náà ni ìgbìmọ̀ tí a wá ń pè ní Àjọ Alágbèélébùú Pupa ti jáde ní Geneva ní ọdún 1863. Ní ọdún 1864, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́ pé ọmọ-ogun tí ó bá fara gbọgbẹ́ kò tún jẹ́ ọ̀tá mọ́, bí kò ṣe aláìsàn tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan nínú àdéhùn yẹn. Àwọn ọba àti ìjọba ni ó bá ara wọn ṣe é, nítorí ogun tí ìjọba kan bá bá ìjọba mìíràn jà ni. Ìjà tí ọba kan bá ń bá àwọn ọmọ ìlú tirẹ̀ jà, ọ̀ràn abẹ́lé ni. Àjèjì kì í dá sí i. Fún ọdún 85 lẹ́yìn náà, bí òfin àgbáyé ti wà nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí òfin ogun fi lè wọ ìjà abẹ́lé ni pé kí àwọn ìjọba fúnra wọn gbà pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà jẹ́ ẹgbẹ́ ajagun. Ìjọba tí ó bá fẹ́ fọwọ́ líle mú ọlọ̀tẹ̀ kò jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Abala kan ṣoṣo fún ogun abẹ́lé

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn orílẹ̀-èdè tún pàdé ní Geneva, wọ́n sì ṣe àdéhùn mẹ́rin ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949. Èkíní dá lórí ọmọ-ogun orí ilẹ̀ tí ó fara gbọgbẹ́ tàbí tí ó ṣàìsàn. Èkejì dá lórí irú wọn lójú omi. Ẹ̀kẹta dá lórí òǹdè ogun. Ẹ̀kẹrin dá lórí aráàlú tí kò gbé ohun ìjà. Ogun láàrin orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo abala àwọn àdéhùn wọ̀nyí tán. Irú ogun bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀. Bí ọmọ-ogun ìjọba kan bá ti kọlu ti ìjọba kejì, òfin ti dé.

Àpẹẹrẹ èyí kò jìnnà. Nígbà tí ọmọ-ogun Nàìjíríà àti ti Cameroon kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ Bakassi ní ọdún 1994 àti 1996, ìjọba méjèèjì kò kéde ogun. Síbẹ̀, ogun láàrin orílẹ̀-èdè méjì ni lójú òfin. Àwọn tí a mú ní ìhà kọ̀ọ̀kan di òǹdè ogun. Àjọ Alágbèélébùú Pupa ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀ wọ́n wò, a kò sì gbọdọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n yìnbọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ dé iwájú Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague, ìdájọ́ sì jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002 pé Cameroon ni ó ni Bakassi.

Fún ogun abẹ́lé ńkọ́? Abala kan ṣoṣo ni, Abala Kẹta, tí wọ́n kọ bákan náà sínú àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní ẹnikẹ́ni tí kò bá jà, tàbí tí ó ti sọ ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí àìsàn, ọgbẹ́ tàbí ìhámọ́ ti mú kúrò lójú ìjà, a gbọ́dọ̀ ṣe é bí ènìyàn. A kò gbọdọ̀ pa á, a kò gbọdọ̀ dá a lóró, a kò gbọdọ̀ mú un ní ìdógò, a kò gbọdọ̀ dọ́jú tì í, a kò sì gbọdọ̀ dá a lẹ́bi láìsí ìgbẹ́jọ́ tí ó tọ́. A gbọ́dọ̀ tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́. Àjọ aláàánú bíi Alágbèélébùú Pupa lè wá yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ohun tí abala náà kò sọ pọ̀ ju èyí tí ó sọ lọ. Kò sọ pé ọlọ̀tẹ̀ tí a bá mú jẹ́ òǹdè ogun. Kò sọ ohunkóhun nípa oúnjẹ. Ó tún fi gbólóhùn kan kún un pé títẹ̀lé abala náà kò yí ipò ẹnikẹ́ni padà lójú òfin, kí ìjọba má baà bẹ̀rù pé bí òun bá ṣàánú ọlọ̀tẹ̀, òun ti sọ ọ́ di orílẹ̀-èdè.

Ìwé ìkìlọ̀ Gowon

Nàìjíríà wọ inú Àdéhùn Geneva ní ọdún 1961, kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn òmìnira. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu kéde pé ìhà Ìlà-oòrùn ti di orílẹ̀-èdè Biafra. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ìbọn dún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kò pe ohun tí ó ń ṣe ní ogun. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó pè é, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ lọ mú àwọn arúfin kan lásán. Ọ̀rọ̀ kò pẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ọmọ-ogun Biafra gba ìhà Àárín-Ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ìró ogun. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó gbà pé Biafra jẹ́ orílẹ̀-èdè: Tanzania, Gabon, Côte d'Ivoire àti Zambia ní ọdún 1968, àti Haiti ní ọdún 1969. Gbogbo ayé yòókù kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ogun abẹ́lé ni ogun náà jẹ́ lójú òfin. Abala Kẹta nìkan ni ó dè é.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣe ohun kan tí ó ju èyí tí òfin béèrè lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1967, ó gbé ìwé ìkìlọ̀ kan jáde fún gbogbo ọmọ-ogun àpapọ̀. Ìwé náà rán wọn létí pé kì í ṣe ọ̀tá òkèèrè ni wọ́n ń bá jà, kì í sì í ṣe ogun ẹ̀sìn. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé ìlànà Àdéhùn Geneva. Ó ka aboyún, ọmọdé, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ka olè jíjà àti ìfipábánilòpọ̀ léèwọ̀. Èyí tí ó sì yani lẹ́nu jù ni pé ó ní ọmọ-ogun ọ̀tá tí ó bá túúbá ni kí a gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì ṣe é bí òǹdè ogun. Ìjọba tí ó kọ̀ láti pe ogun ní ogun fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọlọ̀tẹ̀ ní ohun tí òfin kò fi dandan lé e pé kó fún un. Ní ọdún 1968, ìjọba náà tún pe àwọn aṣojú láti orílẹ̀-èdè mélòó kan, láti Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà àti láti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí bí àwọn ọmọ-ogun ṣe ń hùwà.

Síbẹ̀, inú ìwé lọ̀tọ̀, ojú ogun lọ̀tọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, àwọn ọmọ-ogun àpapọ̀ wọ Asaba. Àwọn ará ìlú jáde pẹ̀lú aṣọ ìyẹ́sí, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin láti fi hàn pé Nàìjíríà kan ni àwọn ń fẹ́. Wọ́n ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún. Kò sí orúkọ kan tí ogun lè jẹ́ tí ó fàyè gba irú ìwà yìí. Abala Kẹta kà á léèwọ̀, ìwé Gowon náà kà á léèwọ̀. Kò sí ẹni tí ilé-ẹjọ́ bi léèrè lórí rẹ̀.

Ìjánu náà kò dákẹ́ pátápátá ṣá. Ní ọdún 1968, ọ̀gá sójà àpapọ̀ kan pa òǹdè kan tí a ti dè lókùn. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á ní gbangba níwájú àwọn ayàwòrán. Ní ìhà kejì, ọmọ-ogun Biafra kan bọ́ aṣọ ogun rẹ̀, ó wọ aṣọ aráàlú, ó yọ́ wọ agbègbè tí ìjọba àpapọ̀ ti gbà, ó sì pa ènìyàn kan níbẹ̀ nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ rán an. Ní ọdún 1972, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà dá a lẹ́bi ìpànìyàn. Àwọn adájọ́ ní ẹni tí ó bá fi aṣọ aráàlú bora láti pa aráàlú ti yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ ààbò òfin ogun, àṣẹ ọ̀gá rẹ̀ kò sì lè gbà á. Àwọn olùkọ́ òfin ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí títí di òní.

Ebi kì í wọ inú

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ibi tí òfin ti ọdún 1949 ti jó rẹ̀yìn jù lọ nìyí. Ìjọba àpapọ̀ dí ojú omi àti ojú ilẹ̀ mọ́ Biafra. Bí ilẹ̀ tí ó kù lọ́wọ́ Biafra ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó sá wọ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, oko kò sì tó wọn jẹ.

Bí ó bá ṣe pé ogun láàrin orílẹ̀-èdè méjì ni, Abala 23 nínú Àdéhùn Kẹrin ì bá ti sọ̀rọ̀. Abala náà pa á láṣẹ pé kí a jẹ́ kí oògùn kọjá lọ fún gbogbo aráàlú, kí a sì jẹ́ kí oúnjẹ àti aṣọ kọjá lọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, fún aboyún àti fún ìyálọ́mọ. Àṣẹ náà kò gbòòrò tó, ó sì ní ìdíwọ̀n: ẹni tí ó dí ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ẹrù wò, ó sì lè kọ̀ bí ó bá ní ìdí láti bẹ̀rù pé ọmọ-ogun ọ̀tá ni yóò jẹ oúnjẹ náà. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni. Nínú ogun abẹ́lé, kò sí àṣẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ebi jẹ́ ọ̀kan nínú ohun ìjà ogun. Bí ọ̀rọ̀ náà ti korò tó létí, òfin tí a kọ sílẹ̀ ní àkókò náà kò ní gbólóhùn kan tí a lè fi dá wọn lóhùn tààrà.

Ohun tí ó kù ni ìdúnàádúrà. Ìjọba àpapọ̀ ní kí oúnjẹ gba ojú ilẹ̀, tàbí kí ọkọ̀ òfurufú máa fò ní ọ̀sán lẹ́yìn tí a bá ti yẹ ẹrù wò. Ojukwu kò gbà. Ó ní májèlé lè wà nínú oúnjẹ tí ó bá gba ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ kọjá, àti pé ọ̀nà tí a bá là fún oúnjẹ, ọmọ-ogun lè gbà á wọlé. Òru ni ó fẹ́, nítorí pápá Uli ni ọkọ̀ oúnjẹ ń balẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ohun ìjà ń balẹ̀ sí, òkùnkùn kan náà ni ó sì bo méjèèjì. Àwọn ìjọ Kristẹni ń fò láti São Tomé. Àjọ Alágbèélébùú Pupa ń fò láti Fernando Po, nígbà tí ó sì di ọdún 1969, wọ́n ń fò láti Cotonou ní ilẹ̀ Dahomey, tí ó ń jẹ́ Benin lónìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, ọkọ̀ ogun òfurufú Nàìjíríà já ọkọ̀ Alágbèélébùú Pupa kan lulẹ̀ nítòsí Eket. Ní oṣù Kẹsàn-án, Àjọ náà àti ìjọba àpapọ̀ fẹnu kò sórí ìrìn-àjò ọ̀sán. Biafra kọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ da ẹ̀bi sí ìhà kan ṣoṣo kò ka ìtàn náà tán. Ìhà kan dí ọ̀nà. Ìhà kejì kọ ọ̀nà tí a là. Kálukú wọn ní àwáwí, kò sì sí òfin tí ó lè fa ẹnikẹ́ni létí nínú wọn. Ọmọ tí ebi ń pa ní àárín wọn nìkan ni kò ní àwáwí. Nígbà tí ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, Gowon kéde pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n òkú àwọn tí ebi pa pọ̀ púpọ̀ ju òkú àwọn tí ìbọn pa lójú ogun lọ.

Ohun tí ayé kọ́

Biafra wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè padà sí Geneva. Àwọn dókítà Fáransé mélòó kan tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1977, lẹ́yìn ìjíròrò ọdún mẹ́ta àti díẹ̀, àfikún méjì bọ́ sórí àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àfikún Kìíní jẹ́ ti ogun láàrin àwọn orílẹ̀-èdè. Àwọn ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà jà fitafita kí ó lè gba ogun òmìnira mọ́ra: ogun tí àwọn ènìyàn bá ń bá ìjọba amúnisìn, ìjọba àjèjì tàbí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Ìgbà tí ogun òmìnira ń lọ lọ́wọ́ ní Zimbabwe àti Namibia nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé orúkọ ogun lè yí padà bí ayé bá fẹ́ kí ó yí padà.

Àfikún Kejì ni àkọ́kọ́ nínú àdéhùn tí a ṣe látòkèdélẹ̀ fún ogun abẹ́lé nìkan. Abala 14 rẹ̀ ka fífi ebi pa aráàlú gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ogun léèwọ̀. Kò fàyè gba kí a ba oko, irè, ẹran ọ̀sìn tàbí omi mímu jẹ́ nítorí èyí. Gbólóhùn tí kò sí nígbà tí Ìjàyè ń kú lọ, tí kò sí nígbà tí Biafra ń kú lọ, dé nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba fi ẹnu-ọ̀nà híhá sí iwájú ilé náà. Wọ́n ní kí àfikún náà tó ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá tí ó ń darí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di apá kan ilẹ̀ náà mú dé ibi pé ó lè máa jagun lọ láìdáwọ́dúró, kí ó sì lè tẹ̀ lé òfin náà. Bí ọlọ̀tẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, Abala Kẹta àtijọ́ ni yóò kù. Nàìjíríà wọ inú àfikún méjèèjì ní ọdún 1988.

Ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e wá láti inú ilé-ẹjọ́. Nígbà tí Yugoslavia fọ́, ogun ibẹ̀ lọ́ mọ́ ara wọn débi pé ó ṣòro láti mọ èyí tí í ṣe ti abẹ́lé àti èyí tí í ṣe ti àárín orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1995, nínú ẹjọ́ Dusko Tadić, àwọn adájọ́ sọ pé ogun wà níbikíbi tí orílẹ̀-èdè bá ti lo ohun ìjà sí orílẹ̀-èdè, tàbí níbi tí ìjà pípẹ́ bá wà láàrin ìjọba àti ẹgbẹ́ ológun tí ó ní ètò, tàbí láàrin irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ méjì. Wọ́n tún ní ohun tí ó burú nínú ogun àárín orílẹ̀-èdè kò lè dára nínú ogun abẹ́lé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kì í ṣe ohun tí ìjọba pe ìjà náà ni ilé-ẹjọ́ yóò wò, bí kò ṣe bí ìjà náà ti le tó àti bí ètò àwọn tí ń jà á ti rí. Ní ọdún 2005, Àjọ Alágbèélébùú Pupa gbé ìwádìí kan jáde nípa òfin tí ìṣe àwọn orílẹ̀-èdè ti sọ di àṣà: òfin 161 ni wọ́n kà, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn ni wọ́n sì rí i pé ó de irú ogun méjèèjì.

Ọ̀nà yìí ni a fi wo ìjà Boko Haram, tí ó gbóná láti ọdún 2009. Rògbòdìyàn lásán kì í ṣe ogun. Òfin ìlú àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ó dè é, ọlọ́pàá kò sì gbọdọ̀ yìnbọn pa ẹni tí ó lè mú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò Ilé-ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn, ó sì pinnu pé, ó kéré tán láti oṣù Karùn-ún ọdún náà, ogun abẹ́lé ni. Bí ọmọ-ogun Chad, Niger àti Cameroon sì ti dá sí i ní ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà, kò di ogun àárín orílẹ̀-èdè, nítorí kò sí ìjọba tí ó ń bá ìjọba jà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní ilé-ẹ̀kọ́ Chibok ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, kì í ṣe òfin Nàìjíríà nìkan ni wọ́n rú, òfin ogun ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, agbẹjọ́rò náà sọ pé ìdí wà láti gbà pé Boko Haram àti àwọn agbófinró Nàìjíríà ti hu ìwà ọ̀daràn ogun. Ìjánu kan náà ni a fi wọn ẹnu àwọn méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí

Ebi ni ó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọ òfin Ilé-ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé ní Róòmù ní ọdún 1998, wọ́n ka fífi ebi pa aráàlú sí ìwà ọ̀daràn, ṣùgbọ́n nínú ogun àárín orílẹ̀-èdè nìkan. Ọdún 21 ni ó gbà kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹnu kò, ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, láti fi ti ogun abẹ́lé kún un, àtúnṣe náà kò sì de orílẹ̀-èdè tí kò bá tíì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà tí Ìjàyè fọ́ títí di ọdún náà jẹ́ ọdún 157.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá bi léèrè bí òfin àgbáyé ṣe kan ogun òde òní lè ka oríṣi ogun náà lórí ìka: ti àárín orílẹ̀-èdè, ti òmìnira, ti abẹ́lé ńlá tí ọlọ̀tẹ̀ ti di ilẹ̀ mú, ti abẹ́lé kékeré, àti rògbòdìyàn tí kì í ṣe ogun. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tíì pé bí kò bá rántí ìdí tí a fi pín wọn. Àwọn ìjọba ni ó pín wọn, kí òfin má baà wọ inú yàrá wọn. Àwọn tí ó kú ní ojú ẹnu-ọ̀nà ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀: ọmọ-ogun Solferino, ọkùnrin Asaba, ọmọ Biafra. Orúkọ ogun ni ìjánu ogun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó di okùn ìjánu mú ni ẹṣin ń wò.